Bébà tí ìgbì òkun gbá: iṣẹ́ tí àwọ̀ ẹ̀ ò dúró, ṣé iṣẹ́ ni?

Àṣàkẹ́_Etíòkun kọ:

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dọ́là àti bọ́ọ̀lù la máa ń sọ jù níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fàyè gbà mí lónìí, nǹkan kan ló ti gbà mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta tí mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́.

Obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan wà l'Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Meghann Riepenhoff. Láti bí 2013 ló ti ń ṣe àwọn iṣẹ́ kan tó pè ní Littoral Drift. Kò lo kámẹ́rà o. Ohun tó ń ṣe ni pé á po kẹ́míkà oní-irin méjì pọ̀, á fi kun bébà gbàgàdà, á gbé bébà yẹn lọ sétí òkun, á wá jẹ́ kí ìgbì gbá a. Omi á ru lé e lórí, iyanrìn á ta sí i, oòrùn á máa pa á lọ, ibi tí omi dúró sí á yàtọ̀ síbi tó ti yára ṣàn kúrò, nígbà tó bá fi máa gbé e nílẹ̀ gbogbo ẹ̀ ti di búlúù oríṣiríṣi tí funfun là á já bí ìfófòó. Àkọlé iṣẹ́ náà gan-an ló pa mí lẹ́rìn-ín, orúkọ etíkun, ọjọ́ tó ṣe é, àti iye ìgbì tó gbá bébà náà ló máa ń kọ síbẹ̀. Iye ìgbì o!

Ibi tó wá le sí rèé. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń fi í sílẹ̀ láì fọ kẹ́míkà ẹ̀ tán pátápátá, kí bébà náà lè máa yí àwọ̀ pa dà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe wà lára ògiri ẹni tó rà á.

Kent l'Ìlú Ọba ni mò ń gbé níbí, nítòsí Margate tó wà létí òkun, èmi náà ti gbìyànjú ẹ̀ lórí bébà àti lórí aṣọ kọ́tìnnì. Mo fi fọ́tò èyí tó dáa jù ránṣẹ́ sí màmá mi l'Abẹ́òkúta. Wọn ò ní ó dáa, wọn ò ní kò dáa, wọ́n kàn ní "Èyí ò tíì mu aró." Ìyá tó bí wọn, aláró n'Ìtòkú ni, màmá mi náà sì bá wọn ṣe é títí wọ́n fi lọ sílé ọkọ, torí náà ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Ẹ bá mi dá sí i. Iṣẹ́ tí àwọ̀ ẹ̀ ò dúró, ṣé iṣẹ́ ni àbí iṣẹ́ tí ò tíì parí?

Súnkẹrẹ_Fàkẹrẹ:

Àǹtí Àṣàkẹ́ ẹ kú iṣẹ́ o. Ajah lèmi ń gbé. Lọ́dún kan omi wọ yàrá wa lóru, ó bá gbogbo sátífíkéètì mi nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìǹkì ṣàn, sítáǹbù ṣàn, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mi di nǹkan tí mi ò lè júwe. Àṣé Littoral Drift ni mo ní nílé tí mo lọ dànù. Iye ìgbì: ọ̀kan.

Ìyá_Ìbejì_Peckham:

Ẹ jẹ́ ká yé ṣeré. Èmi lọ wo nǹkan yìí lórí Google, cyanotype lorúkọ ẹ̀, ọ̀kan nínú kẹ́míkà méjèèjì ń jẹ́ potassium ferricyanide. CYANIDE! Àṣàkẹ́, ọmọ àbúrò mi ni mo kà ọ́ sí, kí lo fẹ́ fi májèlé ṣe nínú ilé tí ọmọdé wà? Ṣé síńkì tó o ti ń fọ ìrẹsì náà lo ti ń fọ̀ ọ́? Aró àwọn ìyá wa, ewé ni wọ́n fi ń ṣe é, kò pa ẹnikẹ́ni.

Tíṣà_Kẹ́mísìrì:

Màmá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀ mà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì n'Ìbàdàn, ìbéèrè yẹn ni gbogbo kíláàsì kọ́kọ́ máa ń bi mí.

Nínú ferricyanide, irin kan ló wà láàárín, cyanide mẹ́fà rọ̀gbà yí i ká, irin yẹn sì dì wọ́n mú débi pé wọn ò lè dá rìn. Cyanide tó ń pani ni èyí tó dá dúró. Ohun tí Àṣàkẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe ni kó da ásíìdì líle bí omi bátìrì ọkọ̀ sí i, tàbí kó gbé e kaná, torí ìyẹn lè tú géèsì olóró jáde. Kó wọ ìbọ̀wọ́, kó má lo abọ́ tàbí ṣíbí tí wọ́n fi ń jẹun, kó gbé ìyẹ̀fun ẹ̀ síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò tó, ó tán.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Kẹ́míkà kejì, ferric ammonium citrate, òun ló mọ oòrùn. Tí ìtànṣán UV, èyí tí ojú ò lè rí lára oòrùn, bá bà á, irin inú ẹ̀ á kúrò ní ipò iron III bọ́ sí iron II, á wá so mọ́ ferricyanide, wọ́n á di nǹkan búlúù kan tí omi ò lè yọ́, Prussian blue ni wọ́n ń pè é. Ibi tí oòrùn ò bá dé, kò so mọ́ nǹkan kan, omi á fọ̀ ọ́ lọ, ibẹ̀ á funfun. Sir John Herschel, ará Ìlú Ọba, ló ṣàwárí ọ̀nà yìí ní 1842. Blueprint tí àwọn àkítẹ́ẹ̀tì fi ń ya ilé láyé ọjọ́un, nǹkan yìí náà ni.

Ẹ tún gbọ́ èyí mà. Prussian blue yẹn fúnra ẹ̀, oògùn ni nílé ìwòsàn. Ní 1987, ní Goiânia ní Bùràsíìlì, àwọn kan tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ti pa tì, wọn ò mọ̀ pé caesium tó ń tú ìtànṣán olóró jáde wà nínú ẹ̀, ó kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn, mẹ́rin kú. Prussian blue ni wọ́n ń fún àwọn tó ti gbé e mì kó lè bá wọn fà á jáde láti inú ìfun. Búlúù tẹ́ ẹ ń sá fún náà nìyẹn.

Lórí ti aró àwọn ìyá wa, òótọ́ ni, ewé ni, ṣùgbọ́n omi eérú tí wọ́n fi ń pò ó a máa bó ọwọ́.

ỌmọÌtòkú:

Ẹ ṣeun Tíṣà, ẹ gbẹnu wa sọ̀rọ̀. Èékánná ìyá mi títí di òní ò funfun mọ́.

Àṣàkẹ́, Màmá yín ni mo gbè lẹ́yìn o, ṣùgbọ́n mi ò rò pé wọ́n bú yín. Tí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, kì í ṣe búlúù ló máa ń jẹ́ lójú ẹsẹ̀, àwọ̀ ewé ni, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó, tẹ́ ẹ bá dúró níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ẹ ó rò pé ẹnì kan ń pidán. Lẹ́yìn náà wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í. Ìgbà kan kì í tó. Wọ́n á máa rì í títí á fi dúdú, á wá máa dán bí ìyẹ́ agbe, agbe tó laró. Aṣọ tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tí wọ́n máa sọ nípa ẹ̀ nìyẹn, kò tíì mu aró. Ìyẹn ni pé ẹ pa dà sídìí ìkòkò. Aláró ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ò rò pé ó lè ṣe é.

Àmọ́ ti pé kẹ́ ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ta nǹkan tó ń ṣá fún èèyàn, mi ò lè ṣe ìyẹn láéláé. Oníbàárà tó bá ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi tó bá ṣá lọ́sẹ̀ kejì, ojú mi ló máa wá sọ ọ́ sí, ojú ọjà ló sì máa ti sọ ọ́, kò ní bi mí bóyá ọnà ni.

Àṣàkẹ́_Etíòkun:

Ẹ ṣeun gbogbo yín. ỌmọÌtòkú, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì, orí mi wú.

Súnkẹrẹ, mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ẹ pẹ̀lẹ́ o, sátífíkéètì kì í ṣe ohun àfiṣeré.

Màmá Ìbejì, mi ò ti síńkì ìdáná ṣe é mà, bááfù ni, mo sì ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé kẹ́ ẹ lè mọ̀. Gíráàmù 25 ti citrate yẹn sínú mìlílítà 100 omi, gíráàmù 10 ti ferricyanide sínú mìlílítà 100 míì, ìgò dúdú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ tí n ó bá lò ó ni mò ń dà wọ́n pọ̀ lọ́gbọọgba. Mo máa ń kùn ún lálẹ́ ní kọ́rídọ̀, gílóòbù kékeré kan ló ń tàn, àwọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn bí òróǹbó tí ò tíì pọ́n. Á sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù di àárọ̀.

Ní Margate, nígbà tí òkun bá fà, àpáta ẹfun á yọ síta, koríko òkun á sùn lé e lórí bí irun tó tutù. Oríṣi méjì ni mò ń ṣà. Ọ̀kan nípọn, ó ní kókó afẹ́fẹ́ méjì méjì lára bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ìkejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì. Èyí tó nípọn á yọ funfun báláú torí oòrùn ò lè là á kọjá, èyí tó fẹ́lẹ́ oòrùn ń là á kọjá díẹ̀ díẹ̀, torí náà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló máa yọ, gbogbo ibi tó ti ká lu ara ẹ̀ á hàn, ibi tí nǹkan ti jẹ ẹ́ á hàn. Oòrùn ibí ò ní agbára, ọjọ́ tí kùrukùru bá wà mo lè jókòó tì í fún ogójì ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kan báyìí ajá kan já mọ́ olówó ẹ̀ lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ bébà mi kọjá, iṣẹ́ ọ̀hún wà nílé báyìí, ẹsẹ̀ ajá yẹn ló dáa jù lára ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mí jù. Aṣọ kìíní tí mo ṣe, yáàdì méjì odindi, ìgbì ti gbá a, koríko òkun ti yọ síbẹ̀ bí ẹní fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́, mo wá lọ dà á sínú omi ọṣẹ ìfọṣọ torí mo rò pé gbogbo aṣọ laṣọ. Lójú mi kòrókòró ni búlúù yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di yẹ́lò, ó di àwọ̀ ìpẹtà, mi ò tíì ka ogún tán kò sí búlúù mọ́. Mo jókòó sétí bááfù mo sunkún.

Tíṣà_Kẹ́mísìrì:

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọṣẹ ìfọṣọ, álíkálì ni, ìyẹn òdìkejì ásíìdì, álíkálì sì ni ọ̀tá Prussian blue, á tú u ká, irin inú ẹ̀ á di ìpẹtà lóòótọ́, ojú yín ò tàn yín. Kò ṣeé dá pa dà. Omi òkun fúnra ẹ̀ ní álíkálì díẹ̀ lára, pH ẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ásíìdì àti álíkálì, jẹ́ bí 8.1 (7 ni àárín), omi ẹ̀rọ apá Kent náà le nítorí ẹfun. Tẹ́ ẹ bá ń fọ̀ ọ́ nílé, ẹ kán vínígà díẹ̀ sí omi àkọ́kọ́. Vínígà ò le tó ásíìdì tí mo ní ká sá fún, kò séwu. Fún aṣọ, omi tútù àti ọṣẹ tí ò ní álíkálì nìkan.

Mo tún rò ó pé ara ohun tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ obìnrin Amẹ́ríkà yẹn rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Oòrùn ń kọ ọ́, omi iyọ̀ ń pa á rẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà, lórí bébà kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọnà:

Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ Anna Atkins, pàápàá pé Kent ni Àǹtí Àṣàkẹ́ wà! Tonbridge ní Kent ni wọ́n bí obìnrin yìí sí ní 1799. Ìyá ẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà ní ìkókó, bàbá ẹ̀ John George Children tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní British Museum ló tọ́ ọ, ó sì kọ́ ọ ní nǹkan tí wọn kì í kọ́ obìnrin nígbà yẹn. Bàbá ẹ̀ àti Herschel tí Tíṣà dárúkọ, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Herschel ṣàwárí ẹ̀ ní 1842, nígbà tó fi máa di October 1843 Anna Atkins ti ń gbé apá kìíní ìwé jáde, gbogbo ojú ìwé ẹ̀ cyanotype koríko òkun, òun ni wọ́n ń kà sí ìwé àkọ́kọ́ láyé tó ní fọ́tò nínú. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi ṣe é dé 1853. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀ o, lọ́kọ̀ọ̀kan, àní ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé náà cyanotype ni, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́.

Kì í ṣe pé ó ń wá ẹwà ni. Ìwé tí onímọ̀ kan ti kọ nípa koríko òkun ilẹ̀ Bírítéènì kò ní àwòrán, èèyàn ò lè mọ èyí tó ń sọ. Torí kí onísáyẹ́ǹsì lè dá ewé mọ̀ ló ṣe ṣe é, àwa la wá ń wò ó lónìí pé áà, ó mà rẹwà o.

Torí náà iṣẹ́ tí Àǹtí ń ṣe, ọmọ ìlú ẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é. Àǹtí ẹ lọ wá ilé ẹ̀ kẹ́ ẹ lọ kí i.

Súnkẹrẹ_Fàkẹrẹ:

Èmi náà ti lọ kà nípa obìnrin yẹn, ẹ má rò pé yẹ̀yẹ́ nìkan ni mo mọ̀. Ní 1825 ló fẹ́ John Pelly Atkins, ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ ọkọ ẹ̀ ni oníṣòwò West India, ìyẹn àwọn erékùṣù Karíbíà. Ní 1825! Ìyẹn ṣúgà àti kọfí, a sì mọ àwọn tó ń gbìn ín níbẹ̀ nígbà yẹn, a mọ ibi tí wọ́n ti kó wọn. Ọwọ́ tó ráyè tẹ́ koríko òkun sórí bébà fún ọdún mẹ́wàá, ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ sin ín níbì kan. Mi ò ní kí ìwé náà má dáa o. Mo ní tẹ́ ẹ bá lọ kí i, ẹ bá mi kí i lọ́nà méjì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọnà:

Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè jiyàn ìyẹn.

Apẹja_Àgbádárìgì:

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí látàárọ̀ nínú ọkọ̀. Àgbádárìgì ni wá, iṣẹ́ ẹja la jogún. Koríko òkun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, a ní i. A ní i débi pé a ò fẹ́ ẹ mọ́. Àwọ̀ ẹ̀ bí tii tó ti ta, ó ní róńdó róńdó lára bí ìlẹ̀kẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á dún pọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré bàbá mi ò mọ orúkọ tí wọ́n máa pè é torí wọn ò rí i rí. Ó di bí ọdún 2011, 2012, ó kàn dé lọ́jọ́ kan bí ẹní tú u dà sílẹ̀. Tó bá ti dé, ẹ má sọ àwọ̀n sómi lọ́jọ́ yẹn, koríko lẹ máa fà jáde, ó ń wọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tó bá wá jẹrà sétí òkun, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ló ń rùn, ìyàwó mi ò lè sun ẹja níta.

Ìbéèrè mi ò le. Àwọn oníṣẹ́ ọnà yìí, èló ni wọ́n ń ra báàgì kan?

Tíṣà_Kẹ́mísìrì:

Hahaha. Ẹ káàárọ̀ sà. Sargassum lorúkọ ẹ̀. Kò ní gbòǹgbò, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ́ ẹ rí yẹn afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ kó léfòó. Òótọ́ ni, láti 2011 ló ti ń ya bo Karíbíà àti etíkun tiwa. Àwọn onímọ̀ ní Florida fi sátẹ́láìtì wò ó, ní 2018 ó nà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé Gulf of Mexico, kìlómítà 8,850, ó wúwo ju mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ. Nínú ohun tí wọ́n ń fura sí ni ajílẹ̀ tó ń bá odò Amazon ṣàn wọ òkun, àti omi ìsàlẹ̀ òkun apá ọ̀dọ̀ wa tó ń ru oúnjẹ koríko wá sókè.

Òórùn yẹn, géèsì hydrogen sulphide ni, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa ṣeré níbi tó ti jẹrà. Ó tún máa ń fa arsenic mọ́ra, ẹ má fi bọ́ ẹran, ẹ má fi ṣe oúnjẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọnà:

Bàbá Apẹja, ẹ má rẹ́rìn-ín o, àwọn kan ń lo koríko òkun bí awọ. Julia Lohmann, ọmọ Jámánì, ní 2013 nígbà tó wà ní mùsíọ́mù V&A ní Lọ́ńdọ̀nù ló dá nǹkan kan sílẹ̀ tó pè ní Department of Seaweed. Koríko òkun ńláńlá láti Japan ló ń lò, á ṣe é kó má gbẹ gan-an, á nà án sórí pankẹ́rẹ́ bí ẹni ń nawọ sórí ìlù, iná á wá máa tàn láti inú ẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan tó fẹ̀ bí yàrá lọ síbi ìpàdé ọrọ̀ ajé àgbáyé ní Davos, ní Switzerland, ní 2020, àwọn olówó ayé ń wọ inú ẹ̀ lọ. Àmọ́ koríko tiyín kéré, ó sì ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kò lè ṣe awọ. Ó máa dáa fún irú ti Àǹtí Àṣàkẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, tó bá wà lórí bébà, oòrùn á yí i ká, etí ẹ̀ ò ní gún, á dà bí èéfín.

Ìyá_Ìbejì_Peckham:

Mo ti ka ti Tíṣà, ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó dárúkọ Olókun láti òkè dé ìsàlẹ̀? Ẹ ń ti bébà bọnú ilé onílé, ẹ ń ka ìgbì ẹ̀, ẹ ò tọrọ àyè. Kìrìsìtẹ́nì ni mí o, mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Fọ́tò_Yàrá_Dúdú:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ìbéèrè tí Àṣàkẹ́ bi wá gan-an torí a ti yà kúrò nídìí ẹ̀. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, mo sì ti ṣe cyanotype. Nǹkan kan wà tí ẹni tí kò bá gbé e sílé ò lè mọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé, búlúù ẹ̀ á máa ṣá lóòótọ́, á rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ wá gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, kí afẹ́fẹ́ ṣáà máa dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ẹ yọ ọ́, á ti pa dà. Kò kú, ó sùn ni. Oòrùn ló gba agbára lára ẹ̀, afẹ́fẹ́ á dá a pa dà fún un nínú òkùnkùn. Èyí tí álíkálì bá bà jẹ́ nìkan ni kì í pa dà.

Torí náà ẹ̀gbọ́n mi ỌmọÌtòkú, tí oníbàárà bá wá sọ pé ó ti ṣá, ẹ ní kó lọ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

ỌmọÌtòkú:

Kẹ́ ẹ lè pa mí lọ́jà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ nǹkan kan, torí a wà láàárín ara wa. Aró tiwa náà a máa yí mọ́ni lára. Ìró tuntun tí ìyá ìyàwó bá ró lọ síbi àríyá, tó bá máa fi dé ilé itan ẹ̀ ti di aró. Kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní àbùkù, wọ́n á ní aró gidi nìyẹn. Mi ò ronú ẹ̀ báyìí rí.

Àṣàkẹ́_Etíòkun:

Ẹ má bínú mo pẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá.

Mo ṣe ohun tí Fọ́tò_Yàrá_Dúdú sọ. Aṣọ kan tí ìgbì gbá ní Margate, mo fi bébà dúdú bo apá kan, mo gbé e kọ́ ojú fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Apá tó rí oòrùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé ọkọ mi tí kì í rí nǹkan kan rí i. Mo ká a sínú dúrọ́ọ̀, mo ní mi ò ní wò ó, mo wò ó lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún mi ò lè mọ ibi tí bébà dúdú wà mọ́. Àfi etí kan lápá ìsàlẹ̀, níbi tí omi òkun ti dúró pẹ́ jù, ibẹ̀ yẹ́lò, kò pa dà, Tíṣà ti sọ fún mi.

Mo pe màmá mi lórí fídíò mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n bi mí pé ṣé iyọ̀ ló ń dán létí ẹ̀ yẹn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n wá ní, "Mú u dání tó o bá ń bọ̀ ní December, ká rì í sínú aró."

Wàhálà wá dé. Omi eérú! Álíkálì ni. Mi ò lè sọ fún wọn lórí fóònù pé aró ìyá wọn á pa iṣẹ́ mi. Tíṣà ẹ jọ̀ọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ gan-an tí mo bá rì í?

Tíṣà_Kẹ́mísìrì:

Búlúù yín á lọ. Irin inú ẹ̀ ò ní lọ, á di ìpẹtà sójú ibi tó wà, aró á wá gorí ẹ̀. Ibi tó funfun á gba aró lásán, ibi tó ti jẹ́ búlúù á gba aró lórí ìpẹtà, torí náà àwọ̀ méjèèjì lè má dọ́gba. Mo fura pé ẹ ṣì máa rí koríko òkun yẹn lábẹ́ aró, bóyá bí òjìji. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é o.

ỌmọÌtòkú:

Ẹ má rì gbogbo ẹ̀. Ìkòkò kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé tí mo fi ń dán elú wò, kò ní kọ́sítíìkì, omi eérú nìkan. Ẹ mú Màmá dání.

Àṣàkẹ́_Etíòkun:

Mo ti gé e sí méjì láàárọ̀ yìí. Sísọ́ọ̀sì gba ibi tí ewé tó fẹ́lẹ́ yẹn wà kọjá, ó dùn mí, àmọ́ ibẹ̀ nìkan ni méjèèjì fi máa ní lára ẹ̀. Apá kan wà nínú dúrọ́ọ̀. Apá kejì ti wà nínú àpótí, mo fi ìró màmá mi àtijọ́ kan wé e.

Súnkẹrẹ_Fàkẹrẹ:

Ẹ ya fídíò o. Iye ìgbà tẹ́ ẹ bá rì í, ẹ kọ ọ́ sí àkọlé.